Rédíò Tí Mo Gbé Kọ́ Àjà Bọ́ọ̀sì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni gbogbo rédíò ọkọ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ni òyìnbó tó ṣe ọkọ̀ dá ihò sí fún un, kò sì sẹ́ni tó bi òyìnbó léèrè bóyá ibẹ̀ dára. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e kúrò níbẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkìrun sí Òkukù, tó gbé e kọ́ àjà ọkọ̀, láàárín orí dírẹ́bà àti orí èrò. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é, ẹ ní kó wá sọ ọ́ lójú mi.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, n kò sì fi pa mọ́. Wáyà kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni. Èyí tó pupa mọ ibi tó ń lọ, èyí tó dúdú mọ ibi tó ń lọ, ẹni tó bá ṣì wọ́n gbé ni yóò rí iná wò. Lónìí, àwọn tó jáde ní yunifásítì ń gbé ọkọ̀ wọn wá fún mi ní Ìkìrun, wọ́n á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọmọ tó ń wo ìyá rẹ̀ níbi ààrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, ó ku díẹ̀ kí ó máà rí bẹ́ẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí n jẹ́ ẹni tí ẹ óò máa rí lóko Ìbà, tí ọkọ́ wà léjìká rẹ̀. Ìtàn ohun tó fà á nìyí.

Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi. Ìbà ni oko wa wà, iṣu ibẹ̀ sì tóbi débi pé ẹyọ mẹ́ta máa ń kún agbọ̀n. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, oko ló wù wọ́n kí n wá. Èmi ní iṣẹ́ ríwáyà ni mo fẹ́, nítorí pé mo rí ọkùnrin kan ní gáréèjì Ìkìrun tó so wáyà kan mọ́ èkejì, tí iná ọkọ̀ tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́ sì tàn wàà. Mo ní irú agbára yẹn ni mo fẹ́. Ọkùnrin náà ló padà di ọ̀gá mi. Bàbá mi fúnra wọn ló mú mi lọ bá a, ohun tí wọ́n sì sọ lójú mi lọ́jọ́ náà rèé:

"Ọ̀gá, ọmọ mi yìí, ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́, ẹ má ṣe wulẹ̀ nà án. Ẹ dá a padà fún mi. Ilẹ̀ ń bẹ nílé tó ń dúró dè é."

Ọ̀gá mi ní ó dára bẹ́ẹ̀. Àdéhùn náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni mo fi ń ṣọ́ra, tí n kò ba nǹkan kan jẹ́, àfi gílóòbù kan tí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà kan tó ń ná ọ̀nà Ìkìrun, Inísà àti Òkukù gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá, ó gbé rédíò tuntun kan lọ́wọ́. Ẹ ní láti mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ìgbà náà, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà. Ooru ẹ́ńjìnnì á máa gba abẹ́ rédíò, kásẹ́ẹ̀tì á gbóná, orin á sì máa fà nílẹ̀ bí ohùn ọ̀mùtí. Lẹ́yìn ìyẹn, èrò méjì ló máa ń jókòó síwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, orúnkún wọn ló sì ń ṣẹ́ bọ́tìnnì rédíò.

"Ọ̀gá ríwáyà," ni dírẹ́bà náà wí, "ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé. Ẹ bá mi gbé e síbi tí orúnkún ò lè dé."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Ibi tí orúnkún ò lè dé? Ó ku àjà nìyẹn."

Àwàdà ni ọ̀gá mi ń ṣe. Èmi ni mo gbé e bí òótọ́. Mo ní, "Ọ̀gá, mo lè gbé e sí àjà."

Dírẹ́bà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ wo? Ìwọ tí irùngbọ̀n ò tíì hù! Bó bá já lù mí lórí ńkọ́?"

"Kò ní já, sà."

"Bó bá já?"

"Ẹ kó gbogbo wáyà inú ọkọ̀ yín kí ẹ fi dè mí mọ́gi."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀gá mi ti ń fi ojú wọn àjà ọkọ̀. Wọ́n fi ìka kan ibi kan láàárín pátákó kékeré méjì tí dírẹ́bà máa ń fà sílẹ̀ bí oòrùn bá ń ta á lójú. Wọ́n ní, "Ẹnu ọmọ yìí kò dáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́." Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí káfíńtà kan ṣe àpótí pẹlẹbẹ, tí a fi awọ dúdú bò, tí rédíò wọ̀ ṣáṣá. Sípíkà méjì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì àpótí náà. Ó dára lójú. Títí di òní n kò tíì rí àpótí tó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló yẹ kí a gbé e sókè, ṣùgbọ́n òkú àna ọ̀gá mi ṣẹlẹ̀ ní Igbaye, wọ́n sì ní láti lọ. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pè mí. Wọ́n ní bóòtù mẹ́rin ni yóò di àpótí náà mú, tí yóò gba inú páànù òrùlé ọkọ̀ jáde. Wọ́n ní, "Bí o bá dè é tán, gun òkè ọkọ̀, kí o fi ayùn irin gé gbogbo bóòtù tó bá yọ, kí ó dọ́gba pẹ̀lú páànù. Kí o wá fi gọ́ọ̀mù dí ojú rẹ̀, nítorí òjò. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́.

Mo lu ihò mẹ́rin. Mo gbé àpótí kọ́ àjà, mo de bóòtù, mo fa wáyà gba inú òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú débi pé ẹ kò lè rí i bí ẹ bá ń wá a. Mo wá gun òkè ọkọ̀. Nígbà tí mo gé bóòtù kìíní, ojú ayùn ṣẹ́. Kò sí òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù. Dírẹ́bà sì dúró nísàlẹ̀ tó ń ké pé ọjà Òkukù ń bọ̀ lọ́la, pé òun fẹ́ lọ gba tọ́ọ̀nù òun ní gáréèjì, kí ẹlòmíràn má bàa gba ipò òun.

Bóòtù mẹ́ta ló ṣẹ́kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ sókè tó gígùn ìka kan. Mo wò wọ́n. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń di ẹrù sórí ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ oníṣu ni mí. Ní tèmi nígbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ẹrù, iṣu ni mo máa ń rí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kí ni bóòtù fẹ́ fi iṣu ṣe? Á kàn gún un díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ kúrò. Mo fi gọ́ọ̀mù dí ojú ihò dáadáa, mo sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí a tan rédíò náà, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ohùn ń ti òkè bọ̀ bí ẹni pé áńgẹ́lì ló ń kọ fújì. Ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì wọnú ọkọ̀ tí kò fẹ́ lọ síbì kankan, ó kàn fẹ́ jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni. Inú dírẹ́bà dùn débi pé ó ní kí n bá òun lọ sí Òkukù lọ́jọ́ kejì, kí n lè tún ohùn rẹ̀ ṣe bí ó bá yí padà lójú ọ̀nà.

A lọ ire. Òkè ọkọ̀ ṣófo nígbà tí à ń lọ. Nígbà tí a dé Òkukù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, mo ń fi rédíò han ẹni tó bá ń kọjá. "Ta ló ṣe é?" "Èmi ni." "Ìwọ kékeré yìí?" "Èmi kékeré yìí ni." Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ nìyẹn tí àwọn tó ń di ẹrù fi di ẹrù tán, tí wọ́n ta okùn lé e, tí n kò gbójú sókè wo ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀, ọkọ̀ kún. Tíṣà obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó ń lọ sí ìsìn ní Inísà, ló jókòó sí àárín iwájú, sábẹ́ rédíò gan-an. Èmi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta epo pupa wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá. Kásẹ́ẹ̀tì ti parí, dírẹ́bà ti yí i sí ilé iṣẹ́ rédíò, àkókò ìkéde òkú ló sì bọ́ sí. Ohùn ọkùnrin kan ń ka orúkọ ọmọ àti ọmọ ọmọ tí olóògbé fi sílẹ̀ sáyé lọ. A bọ́ sínú kòtò ńlá kan, ọkọ̀ fò sókè, ó balẹ̀ gìdì.

Kò pẹ́ sí i ni nǹkan pupa kan kán sí èjìká tíṣà. Ó wò ó. Òmíràn kán sí i lórí gèlè. Ó gbójú sókè, ó rí i pé láti ẹnu rédíò ni ó ti ń jáde bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́.

"Ẹ̀jẹ̀! Yéè! Rédíò yìí ń ṣẹ̀jẹ̀!"

Ẹ wò ó, mo ti rí ibi tí ilé ti jó, n kò rí irú rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ dà rú. Ẹnìkan ń kígbe pé òkú tí wọ́n ń kéde rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní, "Dírẹ́bà, kí lo gbé pamọ́ sínú àpótí yẹn?" Obìnrin kan ní, "Ọkàn mi ti sọ fún mi pé kí n má wọ ọkọ̀ tí rédíò rẹ̀ wà lókè!" Ọkùnrin kan gba ojú fèrèsé jáde kí ọkọ̀ tó dúró tán, bàtà rẹ̀ kan sì kù sínú ọkọ̀. Ọkùnrin inú rédíò kò sì mọ̀, ó ń ka orúkọ àwọn àna olóògbé lọ.

Ẹnu ọ̀nà Inísà ni a dúró sí. Àwọn tó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá títì sáré wá, àwọn bíríkìlà kan náà dé. Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Wọ́n ti ń sọ pé orí ènìyàn ni dírẹ́bà gbé sínú àpótí. Ẹnìkan ti yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bíríkìlà kan ti gbé igi dání. Dírẹ́bà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń sọ pé, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, n ò mọ nǹkan kan, n ò mọ nǹkan kan."

Èmi mọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀kán kejì ti kán ni òórùn rẹ̀ ti dé imú mi, tí mo sì ti rántí bóòtù mẹ́ta. Mo tún rántí bàbá mi. Bí mo bá la ẹnu, oko nìyẹn, iṣẹ́ ríwáyà parí. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, mo lè rìn láàárín àwọn èrò, kí n fẹsẹ̀ dé Ìkìrun, ta ló máa bi mí? N kò ní purọ́ fún yín, mo gbé ẹsẹ̀ méjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni bíríkìlà yẹn gbé igi sókè.

Mo sáré padà wọnú ọkọ̀, mo fi ìka nu ẹnu rédíò, mo jáde, mo gbé ìka náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, mo sì lá a.

"Epo ni! Epo pupa ni!"

"Yéè! Ó ti lá ẹ̀jẹ̀!" ni wọ́n fi dáhùn, wọ́n sì tún sún sẹ́yìn.

Mo rí i pé ẹnu ò ní ṣe é. Mo gun òkè ọkọ̀, mo tú okùn. Kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́fà ló tò síwájú níbẹ̀, ọ̀kan ti jókòó lé bóòtù mi lórí, gọ́ọ̀mù sì ti ṣí kúrò lójú ihò. Nígbà tí mo gbé e, epo tú yàà, ó gba ojú gíláàsì iwájú ṣàn wálẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mo ní, "Ẹ wo irin yìí. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Wọ́n ní kí n gé e, n kò gé e. Dírẹ́bà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Bíríkìlà sọ igi kalẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe òun ló gbé e. Ìyá elépo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyẹn ni pé epo mi lò ń lá yẹn?"

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ọrùn aṣọ mi ni ìyá elépo kọ́kọ́ dì mú. Wọ́n ní kì í ṣe owó ni àwọn fẹ́, owó ọ̀gá mi ni ìyẹn máa jẹ́, kò sì ní dùn mí. Wọ́n ní ara mi ló gbọ́dọ̀ san án. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gún ẹyìn nílé wọn ní Òkukù, apá mi wú. Tíṣà fi aṣọ funfun rẹ̀ ránṣẹ́ kí n fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ títí, àwọ̀ rẹ̀ wá dà bí ẹyin ìbílẹ̀. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run bù kún un.

Ọ̀gá mi kò nà mí. Wọ́n kàn ránṣẹ́ sí Ìbà ni. Bàbá mi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ti Òkukù dé, wọ́n kò bínú, wọ́n kò jókòó. "Lọ kó ẹrù rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, màá tẹ̀lé yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kí n tó lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ọmọ yín fi ihò mẹ́rin sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀."

Wọ́n ronú sí i. "Di ọjọ́ ọjà Òkukù tó ń bọ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́. Mo ní kí wẹ́dà lẹ gbogbo ihò náà pa. Mo tú rédíò palẹ̀, mo fi bẹntiróò fọ epo inú rẹ̀, mo sá a, ó sì sọ̀rọ̀ padà. Níbi tí wọ́n fi súkúrù de pátákó ìdènà oòrùn méjì yẹn, mo ti ṣàkíyèsí pé irin ibẹ̀ nípọn, kì í ṣe páànù lásán. Mo wá irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo lo ihò súkúrù òyìnbó fúnra rẹ̀, mo gbé àpótí kọ́ orí irin náà. N kò lu ihò tuntun kan ṣoṣo. Mo sì fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀ láàárín àpótí àti àjà, nítorí mo ti rí i pé bí ẹrù bá wúwo lókè, àjà ọkọ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó. Wọ́n lọ ra ayùn tuntun.

Lọ́jọ́ ọjà, bàbá mi dé. Ẹ kò ní gbà mí gbọ́: bùbá àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi ń kírun Ọdún ni wọ́n wọ̀. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì náà, wọ́n jókòó sí àárín iwájú, sábẹ́ rédíò. Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wá àyè míì fún yín." Wọ́n ní, "Ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn." Dírẹ́bà ló ròyìn ìyókù fún mi: nígbà tí wọ́n ń di ẹrù ní Òkukù, bàbá mi ní kí wọ́n to kẹ́ẹ̀gì epo sí iwájú gan-an, lókè orí àwọn. Ìyá elépo fẹ́ kọ̀, bàbá mi bẹ̀ wọ́n. Bàbá mi jókòó bẹ́ẹ̀ gba gbogbo kòtò ọ̀nà náà kọjá, Inísà títí dé Ìkìrun, wọn kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan.

Èmi dúró ní gáréèjì, mo ti di ẹrù mi sínú àpò. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ pa èjìká ọ̀tún, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi pa ti òsì, wọ́n tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n lọ bá ọ̀gá mi.

"Ọ̀gá," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ mọ alágbàṣe kan tó lè bá mi kọ ebè lọ́dún yìí?"

Mo lọ tú àpò mi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn rédíò tí mò ń gbé kọ́ àjà báyìí ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n, irin tí wọ́n fi ń gbé wọn kọ́ wà nínú páálí wọn, ènìyàn kò ní láti ronú. Fóònù ni wọ́n fi ń darí wọn. Ẹ wọ ọkọ̀ Ìkìrun sí Òkukù lónìí, ẹ ó rí i pé olúkúlùkù ti fi nǹkan etí fóònù dí etí tirẹ̀: ọkọ̀ tó gbé ènìyàn mẹ́rìnlá, orin mẹ́rìnlá ló ń kọ, dírẹ́bà nìkan ló sì ń gbọ́ èyí tí mo ṣe. Kò dùn mí. Iná ìlú wa ni ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe ń ṣe. Bí fóònù bá ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, wọn á yọ nǹkan etí wọn kúrò, wọn á gbójú sókè, wọn á ní, "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí i sókè díẹ̀."